Màmá mi ní ká kó káàdì ìjọ sínú pósí àwọn: ṣé ìgbàgbọ́ ló ń gbani là ni àbí iṣẹ́ rere?

Àbúrò wa kan tó ń gbé l'Ékòó ló kọ̀wé sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀ kí gbogbo wa lè jọ kà á:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Màmá mi ti pé ọdún 81, wọ́n wà nílé l'Ábẹ́òkúta, ara wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Gbogbo káàdì tí wọ́n fi ń san owó kíláàsì tí ọmọ ìjọ máa ń dá àti ìdámẹ́wàá láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni wọ́n kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi rọ́bà dì í, wọ́n wé e sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n ní tí àwọn bá kú ká kó o sínú pósí. Màmá yìí tọ́ ọmọ méjì tí ìyá wọn kú nílé kejì sí tiwa, títí àwọn ọmọ náà fi jáde ìwé mẹ́wàá, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn ò tíì ṣe tó. Tí mo bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n gba Jésù gbọ́, wọ́n á ní 'ta ni mo tún ní?' Pásítọ̀ mi níbí ní asán ni gbogbo káàdì yẹn, pé Éfésù 2 ti parí ọ̀rọ̀, ìgbàgbọ́ nìkan ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ti di ọmọ ìjọ Àgùdà ní kí n lọ ka Jákọ́bù 2:24, tó ní kì í ṣe nípa ìgbàgbọ́ nìkan. Mo kà á, orí mi dàrú. Mo ti ń bá màmá jiyàn ẹ̀ lórí fóònù, títí wọ́n fi bú sẹ́kún lóṣù tó kọjá, mi ò sì tíì ráyè lọ wò wọ́n láti Kérésìmesì torí iṣẹ́. Ta ló tọ̀nà gan-an? Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà ẹ tán, mo gbé fóònù sílẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè kọ nǹkan kan, torí mo mọ báàgì náílọ́ọ̀nù yẹn. Màá padà sórí ẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdáhùn ẹ kó o má bàa máa wá a kiri nínú ọ̀rọ̀ gígùn: ìgbàgbọ́ nínú Jésù ni Ọlọ́run fi ń gba èèyàn là, lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí iṣẹ́ tó lè rà á, kò sì sí káàdì tó lè rà á. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tó ń gbani là yẹn kì í jókòó sójú kan. Tó o bá rí èyí tó jókòó sójú kan, òkú ni. Pọ́ọ̀lù mọ̀ bẹ́ẹ̀, Jákọ́bù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, àìsàn tí kálukú ń tọ́jú ni kò jọra.

Ká mú Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tó máa ń lò ni Bíbélì wa pè ní "dá láre", ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ sì ni, ọmọ Yorùbá kankan ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún òun: wọ́n ro ẹjọ́, adájọ́ gbọ́ tọ̀tún tòsì, ó wá ní lágbájá ló jàre, ó tán. Ẹni tó jẹ̀bi kì í dá ara ẹ̀ láre. Ẹni tó jí ewúrẹ́ lánàá tó wá gbá ilẹ̀ kọ́ọ̀tù láàárọ̀ yìí, ilẹ̀ tó gbá yẹn dáa, àmọ́ ewúrẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó wà nínú Róòmù 3 nìyẹn, pé Júù o, Gíríìkì o, gbogbo wa la jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó máa fi iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀ jàre níwájú Ọlọ́run, Jésù ló ru ẹ̀bi náà lórí igi, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́, Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló ń sọ fún un pé o jàre. Oore-ọ̀fẹ́ la pè é lédè wa. Oore fúnra ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà, wọ́n tún wá so ọ̀fẹ́ mọ́ ọn nídìí, kẹ́nikẹ́ni má bàa ṣì í gbọ́.

Àmọ́ iṣẹ́ wo ni Pọ́ọ̀lù ń bá jà? Kò bínú sí ẹni tó ń fún opó lóúnjẹ o. Ka Gálátíà 2. Pétérù wà ní Áńtíókù, òun àtàwọn onígbàgbọ́ tí kì í ṣe Júù jọ ń jẹun, kò sí wàhálà, àfi ìgbà táwọn kan dé láti Jerúsálẹ́mù, ni Pétérù bá rọra fà sẹ́yìn nídìí oúnjẹ, kò bá wọn jẹ mọ́, àwọn Júù yòókù tẹ̀ lé e, Bánábà gan-an bá wọn lọ. Fojú inú wò ó kó o jẹ́ ara àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nídìí oúnjẹ yẹn, tó o ṣì mú òkèlè dání. Ohun tí ìyẹn ń sọ fún wọn ni pé ẹ ti gba Jésù lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì wọlé tán, ó ku ìkọlà, ó ku oúnjẹ tẹ́ ẹ máa jẹ àtèyí tẹ́ ẹ ò ní jẹ. Pọ́ọ̀lù ò gbà, ojú gbogbo wọn ló ti bá Pétérù wí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wá fẹ́ fi gbogbo ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù nípa iṣẹ́ mọ sórí ìkọlà àti oúnjẹ nìkan, mi ò bá wọn débẹ̀, torí nínú Títù 3:5 ó ní kì í ṣe nípa iṣẹ́ tí àwa ṣe nínú òdodo, iṣẹ́ tó dáa gan-an ló ń sọ níbẹ̀ yẹn.

Torí náà, pásítọ̀ ẹ tọ̀nà lórí Éfésù 2:8 àti 9. Ó kàn jẹ́ pé ẹsẹ 10 wà lábẹ́ ẹ̀ lójú ìwé kan náà, ọ̀pọ̀ wa la sì ti há ẹsẹ méjì sórí tá a fi ìkẹta sílẹ̀. Ẹsẹ 9 ní "kì í ṣe nípa iṣẹ́", ẹsẹ 10 ní a dá wa nínú Kristi Jésù "fún iṣẹ́ rere". Nípa, fún. Ọ̀rọ̀ kékeré méjì, gbogbo ìjà tí ìjọ ti ń jà láti ọjọ́ pípẹ́ wá, àárín àwọn méjèèjì ló wà. Iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n fi gbà wá là, àmọ́ wọ́n gbà wá là ká lè ṣiṣẹ́.

Ó di Jákọ́bù. Àwọn tí Jákọ́bù ń kọ̀wé sí ò ní ìṣòro ìkọlà rárá. Àwọn tó ń sọ pé "mo gbàgbọ́" ni, tí arákùnrin tàbí arábìnrin tí kò láṣọ lára, tí kò rí oúnjẹ òòjọ́ jẹ, bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á ní máa lọ ní àlàáfíà, kí ara ẹ má tutù, kó o sì yó. Wọn ò bú u, wọn ò lé e, àdúrà ni wọ́n kúkú gbà fún un. Àmọ́ ẹni yẹn padà sílé pẹ̀lú ebi. Ìgbàgbọ́ yẹn ni Jákọ́bù ní òkú ni, ó wá fi ọ̀rọ̀ tó le jù kún un, pé àwọn ẹ̀mí èṣù pàápàá gbà pé Ọlọ́run kan ló wà, wọ́n sì ń wárìrì. Ẹ̀mí èṣù mọ òtítọ́ nípa Ọlọ́run ju ọ̀pọ̀ wa lọ, ìmọ̀ yẹn ò gbà wọ́n. Ó jẹ́ pé ohun tí Jákọ́bù ń bá wí kì í ṣe ìgbàgbọ́ tí Pọ́ọ̀lù ń sọ rárá, orúkọ ló kàn pa wọ́n pọ̀. Pọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ ló kúkú kọ ọ́ sínú Gálátíà 5:6 pé ìgbàgbọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nípa ìfẹ́ ló já mọ́ nǹkan.

Èdè wa gan-an ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ìgbàgbọ́: kéèyàn gbà, kéèyàn gbọ́. Nílé Yorùbá, tí ìyá bá ní "ọmọ yìí kì í gbọ́ràn", ṣé etí ọmọ náà ló di ni? Ó gbọ́ ketekete, kò kàn dìde ni. Gbígbọ́ ò parí sínú etí lọ́dọ̀ wa, ó gbọ́dọ̀ dé ẹsẹ̀.

Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù lọ nìyí, mo sì fẹ́ kó o fara balẹ̀ bá mi kà á. Ẹlẹ́rìí kan náà ni Pọ́ọ̀lù àti Jákọ́bù pè, Ábúráhámù, ẹsẹ kan náà ni wọ́n tún kà, Jẹ́nẹ́sísì 15:6, pé ó gba Olúwa gbọ́, a sì kà á sí òdodo fún un. Pọ́ọ̀lù wá béèrè nínú Róòmù 4 pé ìgbà wo lèyí ṣẹlẹ̀, kó tó kọlà ni àbí lẹ́yìn tó kọlà? Ṣírò ẹ̀: ọmọ ọdún 86 ni Ábúráhámù nígbà tí Hágárì bí Íṣímáẹ́lì ní orí 16, ọmọ ọdún 99 ni nígbà tí wọ́n kọ ọ́ nílà ní orí 17, orí 15 sì ti ṣáájú méjèèjì. Ó lé ní ọdún 13 tí Ọlọ́run ti kà á sí olódodo kí abẹ tó kàn án. Kí ló ti ṣe nígbà yẹn? Ó dúró síta lóru, Ọlọ́run ní kó ka ìràwọ̀, kò tíì ní ọmọ kankan, ó sì gba ohun tí Ọlọ́run sọ gbọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Jákọ́bù ní tiẹ̀ kúrò lórí 15, ó bọ́ sí orí 22. Ábúráhámù ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, Ísáákì ti dàgbà débi tó lè ru igi ẹbọ gun òkè, bàbá mú iná àti ọ̀bẹ dání. Jákọ́bù ní ọjọ́ yẹn ni ìwé mímọ́ "ṣẹ", èyí tó wí pé ó gba Ọlọ́run gbọ́. Wo bó ṣe sọ ọ́. Ohun tí Ọlọ́run ti sọ nípa bàbá yìí lóru ọjọ́ ìràwọ̀, ọjọ́ tó gun òkè Moráyà ló fojú hàn pé òótọ́ ni. Pọ́ọ̀lù ń sọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, Jákọ́bù ń sọ bóyá ọmọ náà ń mí. Kò sí ọmọ tó fi mímí bí ara ẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí tí kò ké, tí kò ta ẹsẹ̀, agbẹ̀bí ò ní jókòó kó máa sọ fún ìyá ẹ̀ pé ó ṣáà ti bímọ. Tó o bá ti rí i báyìí, Jákọ́bù 2:24 ò ní dà ẹ́ lórí rú mọ́: "nípa iṣẹ́ ni a ń dá ènìyàn láre, kì í ṣe nípa ìgbàgbọ́ nìkan", ó ń sọ ìdáláre tó ń hàn sójú ayé, kò sọ pé Ábúráhámù fi Ísáákì ra ojú rere Ọlọ́run, ó ti ní in tipẹ́.

Nípa ìjà pásítọ̀ ẹ àti ẹ̀gbọ́n ẹ, mi ò ní fi í gba àkókò púpọ̀. Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tí ìjọ Lútérà ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ ṣẹ̀, ló gbé ọ̀rọ̀ "nìkan" yẹn sókè. Nígbà tó tú Májẹ̀mú Tuntun sí èdè Jámánì ní 1522, ó fi "nìkan" kún Róòmù 3:28, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní nípa ìgbàgbọ́ la fi ń dá èèyàn láre, ọ̀rọ̀ náà ò sí nínú Gíríìkì, ó ní ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ nìyẹn bó ṣe máa dún lẹ́nu ará Jámánì. Ó sì fojú kéré ìwé Jákọ́bù, ó fi í wé koríko gbígbẹ, mo rò pé ó ṣì í pátápátá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ ohun tó ń bá jà: ní 1517 àwọn oníwàásù ń ta ìwé ìdáríjì kiri, ó sì wà nínú ọ̀rọ̀ 95 tó kọ, ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n, pé wọ́n ń wàásù pé bí owó bá ṣe dún nínú àpótí báyìí ni ọkàn òkú máa fò jáde ní pọ́gátórì, ibi tí ìjọ Àgùdà ní wọ́n ti ń wẹ ọkàn òkú mọ́ kó tó wọ ọ̀run. Àwọn aṣáájú ìjọ Àgùdà náà wá ṣèpàdé ní ìlú Trent, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ dá lẹ́bi nínú òfin tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1547 ni ẹni tó bá ní èèyàn lè fi iṣẹ́ ara ẹ̀ jàre láìsí oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run nípasẹ̀ Jésù. Ọ̀pọ̀ pásítọ̀ wa ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1999, ní Augsburg ní Jámánì, ìjọ Àgùdà àti ìjọ Lútérà jọ fọwọ́ sí i pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan ni Ọlọ́run fi ń gbà wá, kì í ṣe nítorí ohun rere kankan tó tọ́ sí wa, Ẹ̀mí Mímọ́ ló sì ń sọ ọkàn wa dọ̀tun tó ń pè wá sí iṣẹ́ rere. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì bá wọn dá sí i ní 2006. Ìjà ò parí o, wọ́n ṣì ń bá ara wọn fà á lórí èrè iṣẹ́ àti pọ́gátórì, àmọ́ àárín ẹ̀gbọ́n ẹ àti pásítọ̀ ẹ ò jìnnà tó bí àwọn méjèèjì ṣe rò.

Owó tó ń dún nínú àpótí yẹn ló mú mi padà sórí báàgì màmá. Nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, mò ń ran àlùfáà lọ́wọ́ ní ìjọ kan lábúlé, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ kan kú. Àwọn ọmọ ẹ̀ wá sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, akọ̀wé ìjọ gbé ìwé ńlá náà jáde, ó ń fi ìka wọ́ ọ wálẹ̀ lórí orúkọ, ó dúró, ó ní bàbá jẹ owó kíláàsì ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì. Wọn ò ní fi òkú náà wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìsan án. Òkú wà nílé, oòrùn ń mú. Èyí ẹ̀gbọ́n jáde lọ, ó tó wákàtí méjì kó tó padà, owó wà lọ́wọ́ ẹ̀, èèpẹ̀ ṣì wà lára àwọn kọ́ìnì ibẹ̀. Wọ́n kà á lórí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, akọ̀wé kọ rìsíìtì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kí táwà lè gbẹ, ìgbà yẹn ni wọ́n tó ní kí n lọ lu agogo. Èmi ni mo lù ú. Mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Owó kíláàsì fúnra ẹ̀ ò burú, ó wà lára ohun tó ń gbé iṣẹ́ ìjọ ró. Àmọ́ gbogbo obìnrin tó jókòó síta lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ tó gbọ́ pé agogo ò dún torí ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ìwàásù ò kọ́ ọ, pé ọ̀run náà ní akọ̀wé, ó sì ní ìwé ńlá. Òun ló délé tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó káàdì pamọ́. Torí náà má sọ pé màmá ẹ ò mọ Bíbélì. Ìjọ ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n sì fi ogójì ọdún kọ́ ní nǹkan, èèyàn ò lè fi ìpè fóònù kan tú u.

Ohun tí màá sọ fún wọn tó bá jẹ́ èmi nìyí. Màá ka Mátíù 7:22 fún wọn. Àwọn kan dé iwájú Jésù lọ́jọ́ ìkẹyìn, wọ́n mú àkọsílẹ̀ lọ: a sọ àsọtẹ́lẹ̀ lórúkọ rẹ, a lé ẹ̀mí èṣù, a ṣe iṣẹ́ ìyanu ńlá. Ó ní òun ò mọ̀ wọ́n rí. Lẹ́yìn náà màá ṣí Mátíù 25, àwọn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn tó fún un lóúnjẹ, tó fún un lómi, tó bẹ̀ ẹ́ wò nínú àìsàn. Nígbà tó sọ ọ́ fún wọn, ẹnu yà wọ́n, wọ́n ní Olúwa, ìgbà wo la rí ọ tí ebi ń pa ọ́? Wọn ò rántí. Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan.

Àbúrò mi, àwọn ọmọ méjì ilé kejì yẹn, ṣé wọ́n wà nínú káàdì màmá? Kò sí ìlà tí wọ́n kọ wọ́n sí. Ìwọ lo rántí wọn tó o kọ ọ́ sí mi, màmá ò kà wọ́n mọ́ nǹkan tí wọ́n ṣe. Ìgbàgbọ́ tó ń mí ni mò ń rí níbẹ̀ yẹn. Nígbà tó o bi wọ́n nípa Jésù tí wọ́n ní "ta ni mo tún ní?", èmi ò tíì gbọ́ àlàyé Róòmù 4 tó dáa jùyẹn lọ.

Tí wọ́n bá ní àwọn ò lágbára láti ṣe nǹkan kan mọ́ báyìí, ka Lúùkù 23:39 sí 43, nípa olè tó wà lórí igi. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kò ṣe iṣẹ́ kankan. Kò ṣèrìbọmi, kò san ìdámẹ́wàá, lóòótọ́ ni, ohun tó sì gbà á là ni pé ó yíjú sí Jésù ó ní rántí mi. Ṣùgbọ́n wo ohun tó tún ṣe: ó bá èkejì ẹ̀ tó ń bú Jésù wí, ó gbà pé ìyà tọ́ sí òun, ó jẹ́rìí pé ọkùnrin yìí ò ṣe nǹkan àìtọ́, nígbà tí Pétérù ti sẹ́ ẹ. Ọwọ́ ẹ̀ wà lórí igi, ẹnu ẹ̀ nìkan ló kù fún un. Ó lò ó.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ìwọ ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, má bínú. Màmá ẹ ni wọ́n nílò Pọ́ọ̀lù, kẹ́rù ọkàn wọn lè fúyẹ́. Ìwọ lo nílò Jákọ́bù. Ẹni tó dá ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ mọ̀ dáadáa, tó wá jókòó l'Ékòó tó ń fi fóònù sọ fún ìyá ọdún 81 tí ara ẹ̀ ò yá pé ìgbàgbọ́ nìkan ti tó, títí ìyá fi sunkún, tí kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ láti Kérésìmesì, ọ̀rọ̀ "máa lọ ní àlàáfíà, kó o sì yó" kàn án. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ Èkó ò rọrùn, mo mọ gósìlóò ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ṣáà lọ.

Wọ mọ́tò ní Sátidé. Má kó Bíbélì jáde lákọ̀ọ́kọ́, fọ aṣọ tó bá wà nílẹ̀, se ohun tí ẹnu wọn lè jẹ, jókòó tì wọ́n. Tí wọ́n bá ní kó o yọ báàgì náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, yọ ọ́, bá wọn tú u, jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn ọdún kọ̀ọ̀kan fún ẹ, má jiyàn. Tí wọ́n bá ṣì fẹ́ kẹ́ ẹ kó o sínú pósí, gbà, ìwé ni, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Lẹ́yìn ìyẹn, béèrè orúkọ àwọn ọmọ méjì yẹn àti ibi tí wọ́n wà báyìí, kó o wá nọ́ńbà wọn rí, kó o pè wọ́n, kó o gbé fóònù sí màmá létí.

Bá mi kí wọn.